Ẹ̀wù Méjì Lọ́rùn Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí a ti wọ ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ òfin, mo sì rò ó pé inú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ló yẹ kí n ti tú u palẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rèé: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn kan náà máa kọ́ni ní yunifásítì, kó tún máa ṣe lọ́yà ní kóòtù?

Àwọn àgbà ti dáhùn, àmọ́ ìdáhùn méjì ni wọ́n fún wa, méjèèjì ò sì bára wọn mu. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Wọ́n tún ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tó o bá fẹ́ bú olùkọ́ tó ń ṣe lọ́yà, o mú àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ìwọ gan-an lo fẹ́ ṣe é lọ́la, o mú ìkejì. Èmi wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe é lọ́la, n ò ní fi pamọ́. Mo fẹ́ kọ́ni, mo sì fẹ́ dé wíìgì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó dáa ni mo ń fẹ́, kó tó di pé mo débẹ̀ tán, tí ojú mi á ti fọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ, torí ọmọ òfin ni wá. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún karùn-ún, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún ò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú òwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀: iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé kan náà sì ka gbogbo òṣìṣẹ́ yunifásítì tó jẹ́ ti ìjọba mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tí a bá kà á bó ṣe wà nílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin lè gbin pákí tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àmọ́ kó gba ẹjọ́ oníbàárà kó sì gbé e lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ di wàhálà.

Kò parí síbẹ̀. Ní 1984, ìjọba ológun ti ṣe òfin tó ka iṣẹ́ àdáni léèwọ̀ fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ tó ń gbowó ìjọba. Ní 1992, àṣẹ mìíràn jáde tó yọ olùkọ́ òfin sílẹ̀ nínú èèwọ̀ yẹn. Ìwé òfin 1999 wá dé lẹ́yìn rẹ̀, kò dárúkọ olùkọ́ òfin pé òun yọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti forí gbárí yìí ni àwọn lọ́yà ṣì ń jà sí. Tí agbẹjọ́rò apá kejì bá ti rí i pé olùkọ́ ni ẹni tó dúró níwájú òun, ó lè dìde, kó ní, "Olúwa mi, kí ni ẹni yìí ń wá níbí?"

Ẹ̀mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé, ká tiẹ̀ ní wọ́n dá a lónìí, ìbéèrè tiwa ò ní tíì kúrò nílẹ̀. Yunifásítì aládàáni kì í ṣe ti ìjọba. Èèwọ̀ yẹn ò mú olùkọ́ ibẹ̀. Ṣé ká wá sọ pé gbèsè tí olùkọ́ Ifẹ̀ tàbí Èkó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, olùkọ́ aládàáni ò jẹ ẹ́? Rárá. Gbèsè kan náà ni. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí òfin gbà tàbí ohun tí òfin kọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlérí ni. Wọ́n ti ṣèlérí fún ẹni méjì, ọjọ́ kan á dé tí ìlérí méjèèjì máa pàdé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé. Ta ni kó yọ̀ǹda fún èkejì?

Kí a tó dáhùn, ká ṣe òótọ́ sí àwọn olùkọ́ wa. Kí ló ń gbé wọn dé kóòtù? Àkọ́kọ́ ni owó, ká má tan ara wa. Ní 2022, ASUU yan iṣẹ́ lódì láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìjọba ní ẹni tí ò ṣiṣẹ́ ò ní gbowó, wọ́n sì dá owó oṣù dúró. Owó oṣù yẹn gan-an, àdéhùn 2009 ni wọ́n ṣì ń tọ̀ nígbà yẹn. Olùkọ́ tó ní ọ́fíìsì lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí nǹkan fi sẹ́nu ọmọ. Èyí tó jẹ́ pé kíláàsì nìkan ló gbójú lé, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, torí náà n ò ní wàásù fún un.

Ìdí kejì ni ìmọ̀, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wo abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Ó ní ìwé tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà ò ní wọlé bí ẹ̀rí àyàfi tí wọ́n bá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ déédéé, pé wọ́n ń lò ó déédéé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A kà á, a há a sórí, a rò pé ó ti yé wa. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní òfin ẹ̀rí wá sọ fún wa bí ènìyàn ṣe ń kó ọ̀rọ̀ WhatsApp tó tẹ̀ sórí bébà wá sí kóòtù, tí inú rẹ̀ ń dùn pé ẹ̀rí òun dé, tí agbẹjọ́rò apá kejì á kàn bèèrè pé, "Ìwé tó yẹ kó tẹ̀ lé e dà?" Bébà yẹn á sì di bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ó rán wa létí pé ní 2013, lórí ẹjọ́ ìbò gómìnà Bayelsa, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì torí abala kan náà yìí. Ọjọ́ yẹn ni abala 84 di nǹkan tó lójú tó nímú lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ò dé kóòtù rí ò lè sọ ọ́ báyẹn. Ohun tó bá rí nínú ìwé náà ni yóò tún kà fún wa, àwa náà sì lè kà á fúnra wa lábẹ́ iná fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá wa ò gbà. Ó ní, "Ìwọ, ṣebí torí ìyẹn ni wọ́n ṣe dá Law School sílẹ̀ ní 1962? Yunifásítì á kọ́ wa ní ìmọ̀, Law School á kọ́ wa níṣẹ́. Kí olùkọ́ jókòó sọ́gbà jàre." Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ó tún fi Ben Nwabueze gbè é lẹ́sẹ̀, ẹni tó gba oyè SAN ní 1978 nítorí iṣẹ́ ìmọ̀ àti ìwé tó kọ, kì í ṣe nítorí iye ẹjọ́ tó rò. Ìyẹn ni pé ènìyàn lè jókòó ti ìwé kó sì dé orí òkè. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé kò sẹ́ni tó ní olùkọ́ gbọ́dọ̀ dé kóòtù. Mo kàn ní èyí tó bá dé ibẹ̀, ó ń mú nǹkan bọ̀ fún wa. Kóòtù lè bọ́ kíláàsì. Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbà tí kóòtù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kíláàsì.

Ó sì ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá irọ́ ni mo pa. Tí ẹjọ́ àti ìdánwò bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, tó sì jẹ́ pé ẹjọ́ ló máa yí, olùkọ́ á kọ lẹ́tà sí kóòtù ṣáájú ọjọ́. Á bẹ adájọ́ dáadáa. Á sọ ìdí, á fọwọ́ sí i, á fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò apá kejì. Tó bá jẹ́ kíláàsì ló máa yí ńkọ́? Á tẹ ọ̀rọ̀ kan sí aṣojú kíláàsì ní aago méje àbọ̀: "Kò sí kíláàsì lónìí." Ó parí. Àwa tí a ti dìde ní aago márùn-ún, tí a ti wọ ọkadà láti òde ọgbà, tí a ti dá àga sí fún ọ̀rẹ́, a ó kó ìwé wa, a ó lọ jẹ àmàlà. Nígbà mìíràn, inú wa tiẹ̀ máa ń dùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ wà. Wọ́n gba nǹkan wa, a pàtẹ́wọ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní ìgbà márùn-ún péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹjọ́ lè tọrọ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, láti ìgbà tí wọ́n bá ti ka ẹ̀sùn títí dé ìdájọ́. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ń kà á fún ẹni tó wà nínú ẹjọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, wọ́n ń ka tiwa náà: akẹ́kọ̀ọ́ tí wíwá rẹ̀ sí kíláàsì ò bá pé 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní jókòó ṣèdánwò. Ta ló ń ka ti olùkọ́? Tí wọ́n bá kà á, ta ni wọ́n ń fi ìṣirò rẹ̀ hàn?

Ẹ má tíì pariwo "ẹ gbọ́ o." Mo ń bọ̀ síbi tó le. Ká ní ọkùnrin kan wà ní ẹ̀wọ̀n Agódi, wọn ò tíì dá a lẹ́bi, ó kàn ń retí ẹjọ́ rẹ̀ ní Ìyágankú. Olùkọ́ wa ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Ọjọ́ ẹjọ́ bọ́ sórí kíláàsì òfin àdéhùn wa. Tí olùkọ́ bá wá sí kíláàsì, ọkùnrin yìí á padà sí àhámọ́, ó lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè di oṣù. Tó bá lọ sí kóòtù, àwa á pàdánù wákàtí méjì. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa á lè wo ìyá ọkùnrin yẹn lójú kó ní, "Ẹ má bínú mà, a fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí àdéhùn"? Èmi ò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kóòtù ló yẹ kó lọ. Torí náà, ẹni tó bá ní kíláàsì ló gbọ́dọ̀ máa ṣáájú nígbà gbogbo, kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Ibi tí mo ro ó dé rèé. A ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ìlérí méjèèjì forí gbárí, kò sì sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ohun yòówù kí olùkọ́ ṣe, ẹnì kan á sunkún. Ọjọ́ tó gba ẹjọ́ náà ni ká padà lọ wò. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà jókòó níwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú omijé lójú, bóyá pẹ̀lú owó lọ́wọ́ náà. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ta ni kò sí nínú yàrá yẹn? Àwa ni. Igba akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ilé ìwé, tí orúkọ wọn wà lórí tábìlì rẹ̀, kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó máa sọ pé, "Sà, ẹ rántí pé ẹ ní kíláàsì wa ní Wẹ́sìdé." Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń gba ìlérí. Ẹni tí ò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń fi ìlérí tirẹ̀ san án.

Ìwà pípé nínú ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, ni kí ènìyàn gbé ẹni tí ò sí níbẹ̀ wọ inú yàrá yẹn. Kó tó ní "mo gbà," kó yọ àkókò kíláàsì síta, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹjọ́. Tí kò bá gbà wọ́n méjèèjì, kó darí oníbàárà sí lọ́yà mìíràn. Lọ́yà pọ̀ nílùú yìí. Ọkùnrin Agódi yẹn lè rí agbẹjọ́rò mìíràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣòro kó rí i lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé ìdajì. Àwa ò lè rí olùkọ́ mìíràn rárá. Wọn ò fún wa láyè láti yàn. Ìdí nìyí tí àánú oníbàárà fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́: "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ mi ti kún."

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ dídùn ni mo ń sọ, kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe o. Ọ̀nà kan ni kí ènìyàn ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yemi Osinbajo kọ́ni ní òfin ẹ̀rí ní Yunifásítì Èkó, ó sì jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1999 sí 2007. Àsìkò rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹjọ́ Èkó pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2004. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ìdajì ọkàn ṣe. Olùkọ́ tó bá gbàyè lọ́wọ́ yunifásítì, tó lọ ṣe iṣẹ́ òfin fún ọdún díẹ̀, tó sì padà wá pẹ̀lú ohun tó kó bọ̀, kò fi akẹ́kọ̀ọ́ kankan dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wù mí jù. Ẹ wo àwọn ojúgbà wa tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ni ẹ fi wò ó. Olùkọ́ wọn ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun, bó ṣe ń wo aláìsàn ló ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Wákàtí kan náà ló fi ń tọ́jú, òun náà ló fi ń kọ́ni. Àwa tiwa, nígbà tí olùkọ́ bá ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn ló ń fi wá sí. Ṣùgbọ́n law clinic wà, ìyẹn ọ́fíìsì nínú ọgbà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ tálákà, tí wọ́n ń fún un nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ojú olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà. Láti 2003 ni àjọ kan tó ń jẹ́ NULAI ti ń ti irú rẹ̀ lẹ́yìn ní Nàìjíríà, Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ò lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, àti pé kò sówó níbẹ̀, kò sì lè rọ́pò owó oṣù tó dáa. Àmọ́ níbẹ̀, ọkùnrin Agódi àti kíláàsì wà nínú yàrá kan náà. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi san gbèsè ẹnì kejì.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ ká yí dígí síra wa. Ṣé olùkọ́ tí kò níṣẹ́ méjì ló máa ń wá déédéé? Gbogbo wa mọ olùkọ́ tí kò ní kóòtù, tí kò ní oko, tí a kì í sì í rí i títí ìdánwò á fi kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iye iṣẹ́ kọ́ ló ń sọ ènìyàn di olóòótọ́. Àwa náà ńkọ́? Ta ni kò níṣẹ́ méjì nínú wa? Ọ̀kan ń rán aṣọ, ọ̀kan ń gẹrun, ọ̀kan jókòó ti POS lẹ́nu géètì. Nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́ àjọṣe fún máàkì, tí ẹni márùn-ún wà nínú ẹgbẹ́, tí ẹni méjì ń ṣe é, àwọn mẹ́ta tó kù ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mo wà níbi iṣẹ́." Ta ni wọ́n fi san án? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ kejì.

Torí náà, tí Ọlọ́run bá jẹ́ kí èmi náà dé ibẹ̀, tí ẹ bá rí mi tí mo gbé ìwé ẹjọ́ sábẹ́ abíyá tí mo sì ń sáré wọ kíláàsì, ẹ má bi mí bóyá iṣẹ́ mi jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ bi mí pé, lọ́jọ́ tí mo gba ìkejì, ṣé mo rántí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀?

Ẹni tó bá ní èsì, tàbí tó rò pé mo ti ṣì í, kó kọ ọ́ wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Pàápàá ẹ̀yin ọmọ yàrá mi. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà, ẹ má wulẹ̀ wá pariwo lé mi lórí lóru.